Kílọ́ọ̀ṣì Ni Àbí Kabúrétọ̀? Ìlàlóye fún Ẹni Tó Ń Lo Ọkadà Àlòkù

Bí ọkadà kò bá lè gun òkè mọ́, ó lè jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀, ó sì lè jẹ́ pé kabúrétọ̀ ló dí. Ẹni tí kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì lè ra pléètì kílọ́ọ̀ṣì tuntun nígbà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí lásán ló yẹ kó fọ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́

Níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, ẹ wọ jíà gíga, kí ẹ wá fún ọkadà níná.

• Bí ohùn ẹ́ńjìnì bá ròkè ṣùgbọ́n tí eré kò pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀.
• Bí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ bá ń húkọ́, tó ń fà tìkọ̀, tàbí tó kú, ẹ yẹ epo, afẹ́fẹ́ àti pọ́lọ́ọ̀gì wò.

Bó bá jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì

1. *Kébù.* Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ kó tó fa kébù. Lára ọ̀pọ̀ ọkadà kékeré, mìlímítà 10 sí 20 ni, tí a bá wọ̀n ọ́n létí ọwọ́ náà. Bí kò bá sí àyè rárá, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, pléètì á sì jó. Bí àyè bá pọ̀ jù, jíà á le, fíríì á ṣòro láti rí, ọkadà á sì máa fẹ́ lọ bí ẹ tilẹ̀ fa ọwọ́ náà tán. Nọ́ọ̀tì ara kébù ni ẹ ó fi tún un ṣe. Bí okùn irin inú rẹ̀ bá ti ń já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

2. *Ọ́ìlì.* Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni kílọ́ọ̀ṣì ọ̀pọ̀ ọkadà ń gbé. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tó ń mú nǹkan yọ̀, kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀. Èròjà yìí lè ba ìmú kílọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ẹ ra ọ́ìlì tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí lára.

3. *Pléètì àti sípíríńgì.* Bí kébù àti ọ́ìlì bá dára tí ó ṣì ń yọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kí ó rẹ pléètì tuntun sínú ọ́ìlì kó tó dè é.

Bó bá jẹ́ kabúrétọ̀

• *Epo ń kán nísàlẹ̀:* ẹ ti epo táńkì pa. Ìdọ̀tí ti há sábẹ́ nídù, tàbí fúlóòtù ti bàjẹ́.
• *Ó ń kú bí ẹ bá ti dẹ iná:* jẹ́ẹ̀tì kékeré lè ti dí.
• *Ó ti gbóná, síbẹ̀ láìsí ṣòòkù kò ṣiṣẹ́:* epo kò tó, tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé lára rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì.
• *Èéfín dúdú:* epo pọ̀ jù. Ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́, kí ẹ sì rí i pé ṣòòkù ti padà sáyè rẹ̀.

Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú bí èédú, epo pọ̀ jù. Bó bá funfun, epo kò tó. Àwọ̀ tíì tí a bu mílíìkì sí ló dára.

Ẹ tú súkúrù ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, kí ẹ gba epo rẹ̀ sínú ìgò. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á rì sísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí omi, ẹ da epo táńkì nù síbi tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, kì í ṣe gọ́tà.

Ẹ má fi wáyà tàbí abẹ́rẹ́ gún ihò jẹ́ẹ̀tì. Bí ihò náà bá fẹ̀, kò ní padà sí bó ṣe wà. Oògùn ìfọ-kabúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fọkanáísà ti tó.

Ààbò

• Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù. Kò gbọdọ̀ sí sìgá, àtùpà tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí.
• Ẹ má fi ẹnu fa epo.
• Ẹ má tan ẹ́ńjìnì nínú yàrá tó pa dé: gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkadà àlòkù

Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kí ẹni tó ń tà á tó tan án. Bó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ ní kó má tíì tan án, kí ẹ sì dúró títí yóò fi tutù. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, bí ti àárọ̀, ni kabúrétọ̀ tó dí sábà máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún gba orí òkè, kí ẹ sì ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ kí ẹ tó sanwó.