Bàbá Ọmọ, Kí Ni Ẹ Ti Pèsè Sílẹ̀?

Bí oyún bá ti kọjá oṣù méje, ẹ mọ̀ bí ilé ṣe máa ń rí. Ìyàwó yín a máa dìde lóru lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin láti lọ tọ̀, nítorí pé ọmọ ń tẹ àpò ìtọ̀ rẹ̀. Bí ó bá rìn díẹ̀, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ó bá ń yí sọ́tùn-ún, tí ó ń yí sósì, oorun á dá lójú ẹ̀yin náà. Ẹ ó wá máa ronú: Ṣé yóò bí i wẹ́rẹ́? Níbo ni owó yóò ti wá? Àgbàdo ṣì wà lóko.

Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ìwà ojo. Àwọn baba wa mọ̀ pé ewu wà nínú ìbímọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kí ara wa pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kò lè gba ìyá ọmọ là. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kì í dúró kí òjò rọ̀ tán kí ẹ tó wá ọkọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbímọ rí.

Ìdádúró mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin kan bímọ sílé lálẹ́, ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò dá. Ọkọ rẹ̀ sùn sóko. Ìyá ọkọ ní, "Ẹ jẹ́ kí ó dé ná." Nígbà tí ọkọ dé, wọ́n wá alùpùpù, wọn kò tètè rí i. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fún un.

Ẹ wò ó: ìdádúró kìíní wà nílé, èkejì wà lọ́nà, ẹ̀kẹta wà ní ilé ìwòsàn. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì. Kò lè dúró de ẹni tí ó wà lóko.

Ohun márùn-ún tí ẹ ó ṣe kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé

1. Ẹ bá ìyàwó yín lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí aboyún lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó kéré tán. Márùn-ún nínú rẹ̀ wà ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Ẹ béèrè ibi tí ó yẹ kí ó bímọ sí.

2. Ẹ máa yọ owó sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ta irè oko. Ẹ fi í sí ibi tí ìyàwó yín mọ̀. Ní ọdún 2009, ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ sí í san owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ. Síbẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ẹ̀yin fúnra yín yóò san.

3. Ẹ bá ẹni méjì tí ó ní alùpùpù tàbí ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n gbà láti wá, ìbáà jẹ́ lóru.

4. Ẹ wá ẹni méjì tí ara wọn le, tí wọn yóò lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

5. Ẹ fún un ní àṣẹ nísinsìnyí. Ẹ sọ ọ́ lójú ìyá yín àti àwọn àgbà ilé pé: "Bí mi ò bá sí nílé, ẹ má dúró dè mí. Ẹ gbé e lọ." Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹ̀mí méjì là.

Àmì ewu

Ẹsẹ̀ tí ó wú díẹ̀ nírọ̀lẹ́ wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:
– ẹ̀jẹ̀ ń jáde;
– ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú;
– orí ń fọ́ ọ gan-an, tàbí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì;
– ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀;
– ara rẹ̀ gbóná;
– omi ọmọ ti ń jáde, kò sì tíì rọbí;
– ọmọ kò yí nínú bí ó ti máa ń yí;
– ó ti ń rọbí fún wákàtí 12, kò tíì bí.

Nínú ilé

Ẹ bá a pọnmi, ẹ bá a ṣẹ́gi. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ sùn, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Kí ó jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́, kí ó sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí agbẹ̀bí fún un lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹ fi ìpèsè ti àdúrà yìí lẹ́yìn.

Ẹ jọ jíròrò

Ní abúlé yín, ta ni ó ní alùpùpù tí a lè pè lóru? Bí ọkọ kò bá sí nílé, ta ni ó lè sọ pé, "Ẹ gbé e lọ"?