Ṣábẹ̀ẹ́ Láàárín Odò Méjì

Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá kan ní Benin, òkè àpáta ló máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Kò burú: orí àwọn òkè yẹn ni àwọn ènìyàn sá sí nígbà tí ogun Dàhòmì ń dààmú wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n àpáta kì í bọ́ ènìyàn. Ilẹ̀ tó wà láàárín odò méjì ló bọ́ Ṣábẹ̀ẹ́: Ouémé ní ìwọ̀-oòrùn, Ọ̀pàrá ní ìlà-oòrùn, kí àwọn méjèèjì tó pàdé ní gúúsù ìlú.

Ouémé gùn tó kìlómítà 510, láti àríwá Benin títí dé adágún Nokoué lẹ́bàá Kútọnù. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, inú ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jẹun. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹjọ dé ìkẹwàá, odò a kún dé bèbè, omi a pọ́n, a sì máa wọ́ igi lọ. Bí ọyẹ́ bá mú, àpáta inú odò a yọ síta, omi a wá ku kòtò-kòtò, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń là á kọjá níbòmíràn.

Ní àwọn òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà, àwọn ará oko kan wà láyé ijọ́un tí ìkún omi ni wọ́n ń retí kí wọ́n tó so igi gẹdú pọ̀, kí wọ́n sì gùn ún lọ sọ́jà lórí odò bíi Kentucky. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìkún omi ló ń ti ọ̀nà, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń ṣí i.

Bí ọ̀ràn bá wá kán ènìyàn lójú nígbà òjò ńkọ́? Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, igbá ni ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ròyìn rẹ̀ lórí odò Ọ̀ṣun àti Ògùn. Igbá ńlá ni, tí wọ́n ṣe kí omi má bàa ráyè wọ inú rẹ̀. Èrò a fi àyà lé e, a gbá a mọ́ra. Òmùwẹ̀ tó fẹ́ gbé e kọjá a kọjú sí i láti òdìkejì, a di apá rẹ̀ mú ṣinṣin, a wá máa fi ẹsẹ̀ gbá omi títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Ẹ wo irú ọkàn tó wà láyà ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, tó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́ ọkùnrin kan àti igbá kan! Ó yẹ kí ìtàn ka àwọn òmùwẹ̀ wọ̀nyí mọ́ àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí ró, bí ó ti ń ka ọba àti jagunjagun.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò ẹja. Omi tó ti fà ti há àrọ̀ àti ẹpìyà mọ́ inú kòtò. Wọn a dẹ ìgèrè, wọn a ju àwọ̀n, wọn a sì yan èyí tí wọn kò bá jẹ tán. Síbẹ̀, iṣu ni olórí oúnjẹ. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní laboko ló ń kọ́kọ́ jáde, òun sì ni iyán rẹ̀ ń wu ènìyàn jù. Irú mìíràn tó ń jẹ́ kokoro ni wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́. Èlùbọ́ ló ń gbé ilé dúró títí iṣu tuntun yóò fi ta.

Ṣùgbọ́n Ouémé ní oró tirẹ̀. Ibi tí omi ti ń sáré lórí àpáta ni amùkúrù, eṣinṣin kékeré tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ń yé sí. Aràn tó ń gbìn sára ènìyàn a máa fa ìnárun tí kì í jẹ́ kí aláìsàn sùn. Bí ọdún bá gorí ọdún, a lè fọ́ ojú rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìletò púpọ̀ ló kó kúrò lẹ́bàá odò, tí wọ́n fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún igbó. Ní 1974, orílẹ̀-èdè méje, Benin lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti àrùn náà. Hẹlikópítà ló ń da oògùn sínú odò. 2002 ni iṣẹ́ ọ̀hún parí. Ẹni tó bá ń ṣàárò ayé àtijọ́, kí ó rántí àgbàlagbà tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà lọ sóko.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ṣábẹ̀ẹ́ láti Kútọnù ní 1911, afárá sì gbé e kọjá lórí Ouémé. Fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ṣábẹ̀ẹ́ ni òpin ojú irin kí ó tó dé Parakou.

Lápá Ọ̀pàrá, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé ní 1889 àti 1898, wọ́n pín ilẹ̀ láàárín ara wọn, odò náà sì di ààlà lápá kan. Àwọn ènìyàn kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí ìjọba Faransé ń fi túláàsì kó ọ̀dọ́ lọ sójú ogun àti síbi iṣẹ́ ọ̀nà, tí owó orí sì ń ni wọ́n lára, ọ̀pọ̀ Yorùbá abẹ́ Faransé sọdá sí Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976. Títí di òní, ìsìnkú àti ìgbéyàwó ṣì ń mú ẹbí sọdá láàárín Ṣábẹ̀ẹ́ àti agbègbè Ṣakí ní Nàìjíríà. Wọ́n gbọ́ èdè ara wọn. Owó ọjà ló yàtọ̀, náírà lọ́hùn-ún, sẹ́fà níhìn-ín.