Olú Oníife: Abuja Wo Ni Wọ́n Ti Ká A?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá dárúkọ olú, ọbẹ̀ ni ọkàn yín á kọ́kọ́ lọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ọbẹ̀. Ó rí bí ife kékeré, orí igi jíjẹrà ni ó sì ń hù sí lásìkò òjò. Ìran kan nínú wọn ni Cookeina, orúkọ tí Otto Kuntze fún un ní 1891 láti fi bu ọlá fún Mordecai Cooke. Inú ife náà ni irúgbìn rẹ̀ wà, mẹ́jọ mẹ́jọ nínú àpò tíntìntín. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọn a tú jáde bí èéfín.

Bí a bá ká a, a kì í tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé. Ooru díẹ̀ ni a fi ń gbẹ ẹ́, kí a tó kó o sínú àpò-ìwé. Ilé tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí wà ní Ìbàdàn, ní FRIN. Ó wà ní Abuja níhìn-ín náà, ní NIPRD tó wà ní Idu. Ti Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ní olú gbígbẹ tó ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ṣùgbọ́n olú gbígbẹ nìkan kò tó. Pupa rúsúrúsú tí ó ní ní tútù á ṣá, ife á sì ká kò. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ìwé pélébé mọ́ ọn: ta ló ká a, ọjọ́ wo, àwọ̀ wo, lórí igi wo, àti níbo.

"Níbo" yìí gan-an ni wàhálà. Bí ẹ bá rí "Abuja" lórí ìwé pélébé ọdún 1960, kì í ṣe Garki, kì í ṣe Gwagwalada. Ìlú tí ó ń jẹ́ Suleja lónìí, ní Ìpínlẹ̀ Niger, ni. Ẹ̀yìn òfin 3 February 1976, tí ó dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀, ni orúkọ náà ṣí kúrò níbẹ̀. (Ṣé ẹ mọ Ladi Kwali tó wà lẹ́yìn owó náírà 20? "Ìkòkò Abuja" ni ayé ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Suleja ni ibi ìmọ̀kòkò náà wà.) Bákan náà, ibi tí ìwé àtijọ́ pè ní Kwara lè wà nínú FCT báyìí, torí ara Niger, Plateau àti Kwara ni wọ́n ti gé ilẹ̀ náà.

Ẹni tí ó bá kàn da "Abuja" náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, àárín ìgboro ni àwòrán ilẹ̀ yóò gbé olú náà sí. A kò sì lè padà lọ wò ó bí wọ́n bá ti gé igbó etí odò kọ́lé. Ohun tí ó tọ́ lójú mi ni kí a fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a kọ ti òde òní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èmi tí wọ́n tọ́ nílẹ̀ Gbagyi tún fẹ́ ìlà kan sí i: orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pè é. Ní 1975, B. A. Oso kọ àpilẹ̀kọ nípa olú àti àwa Yorùbá sínú ìwé Mycologia, ó sì kọ orúkọ tí àwọn bàbá wa ń pe olú sínú rẹ̀.