Títún Ọpọ́n Ayò Àtijọ́ Ṣe Nínú Ilé: Àlàyé Láti Agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó

Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé Yorùbá, ọpọ́n ayò kan máa ń wà tí ẹnikẹ́ni kò ta mọ́. Ó lè wà lókè àjà, ó lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì lè jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń dí ihò tí eku ń gbà wọlé. Baba tó ni ín ti dolóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó tàbí lókè òkun, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń ta ayò lórí fóònù, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń ta á rárá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wálé tó sì rántí ọpọ́n náà, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé kí ó gbé e lọ bá káfíńtà kí ó bá òun sọ ọ́ di tuntun. Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọpọ́n tí ikán kò rí jẹ, tí òjò kò sì rí bàjẹ́, lè parun sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe.

Ìdí abájọ ni pé ohun tí ó ya ọpọ́n àtijọ́ sọ́tọ̀ kì í ṣe igi rẹ̀ nìkan. Ojú ilé ayò tó ti dúdú tó sì ń dán nítorí ọwọ́ tó ti ń kó ọmọ ayò níbẹ̀ fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, etí ilé tí ìka ti fá di pẹ̀lẹ́bẹ́, àpá ọ̀bẹ agbẹ́gi tó ṣì hàn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀: àwọn wọ̀nyí ni àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó kù nípa àwọn tó ti ta ayò náà. Sáńpépà lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìlú Igi

Àwọn arìnrìn-àjò mọ Ọ̀rẹ̀ sí ibi tí mọ́tò ti ń dúró kí èrò jẹun lójú ọ̀nà Èkó sí Bìní. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n nítorí ogun abẹ́lé, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1967. Ṣùgbọ́n fún oníṣẹ́ ọwọ́, ìlú igi ni Ọ̀rẹ̀. Òun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, igbó kìjikìji ló yí agbègbè náà ká, sọ́míìlì sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí náà ni igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Oluwa wà.

Ọ̀rọ̀ igbó yìí kan títún ọpọ́n ṣe ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Igi líle bí ìrókò àti apá, tàbí igi fífúyẹ́ tó rọrùn láti gbẹ́ bí ọ̀mọ̀, ni àwọn agbẹ́gi Yorùbá ti ń lò fún ohun èlò láti ìgbà pípẹ́. Lónìí, melíínà àti tíìkì tí ìjọba gbìn ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ nínú igbó Oluwa lọ́wọ́ àwọn igi ìbílẹ̀. Ẹni tó bá lọ ṣa àjákù pákó ní sọ́míìlì láti fi dí ọpọ́n baba rẹ̀, melíínà ni ó ṣeé ṣe jù kí ó bá pàdé. Igi funfun tó fúyẹ́ ni melíínà. Bí wọ́n bá fi í lẹ ìrókò, yóò máa hàn ketekete bí àbùlẹ̀ funfun lára aṣọ dúdú, àyàfi bí wọ́n bá pa á láró. Ohun tó sàn jù ni kí ènìyàn wá àjákù àga tàbí férémù ilẹ̀kùn àtijọ́ tí wọ́n fi irú igi kan náà ṣe. Irú igi bẹ́ẹ̀ ti gbẹ tán, kò sì ní sún kì púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.

Ohun Tí Ń Ba Ọpọ́n Jẹ́

Ọpọ́n ayò ní ilé méjìlá, mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sì ni wọ́n ń fi sínú ilé kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Àwọn ọpọ́n kan ní ihò méjì mìíràn ní orí àti ìdí, níbi tí ọ̀ta àti ọ̀pẹ ń kó èyí tí wọ́n bá jẹ sí. Òmíràn ṣeé pa dé bí ìwé, pẹ̀lú ìdè irin láàárín. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ yìí ló fa àìlera rẹ̀: ìsàlẹ̀ ilé ayò máa ń tinrín, àárín ilé kan sí èkejì sì máa ń nípọn, nítorí náà wọn kì í gbẹ pa pọ̀.

Igi kì í sún kì bí omi inú rẹ̀ kò bá tíì lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ náà lọ. Láti ibẹ̀ lọ, ó ń sún kì ní ìbú, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìdí nìyí tí ojú ìlà ọpọ́n ayò fi sábà máa ń gba gígùn lọ. Ní agbègbè Odígbó, ooru òjò máa ń mú kí igi wú fún oṣù púpọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, igi náà yóò gbẹ, ìlà náà yóò sì yanu. Kì í ṣe àìsàn tuntun. Mímí ni igi ń mí.

Ọ̀tá kejì ni kòkòrò. Ihò wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́ kò fi hàn pé kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti jáde lọ láti ọdún pípẹ́. Kí olùtúnṣe gbé ọpọ́n náà lé aṣọ funfun fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láìfọwọ́ kàn án. Bí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá dà sílẹ̀, kòkòrò wà láàyè.

Ìbéèrè Kan Náà ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Ní ilẹ̀ Japan, ilé-iṣẹ́ Taito gbé Space Invaders jáde ní ọdún 1978, Namco sì gbé Pac-Man jáde ní 1980. Inú àpótí pákó gíga tí ènìyàn ń sọ owó sí kí ó tó ta á ni wọ́n fi àwọn géèmù wọ̀nyí sí. Lónìí, àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń ra irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó ti bàjẹ́, wọ́n sì ń tún un ṣe nínú ilé. Ilé-ìṣọ́ ohun eré tí wọ́n ń pè ní The Strong, ní ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, kó púpọ̀ nínú wọn jọ. Iná àti gíláàsì inú àpótí náà ní wàhálà tiwọn, ṣùgbọ́n pákó rẹ̀ ń ṣàìsàn bí ọpọ́n ayò ti ń ṣe é: omi ń wú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ti họ ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn olùtúnṣe níbẹ̀ ni bóyá kí wọ́n kun ọ̀dà tuntun lé àwòrán àtijọ́ tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àpá rẹ̀. Ọ̀dà àpótí Pac-Man ṣeé tún tẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ ló ṣe é, ọ̀pọ̀ sì wà tó jọ ara wọn. Ọpọ́n ayò kò ní ìkejì. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó ń tún un ṣe ṣọ́ra ju ti àwọn ará ibẹ̀ lọ.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kí wọ́n ya àwòrán ọpọ́n náà lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà ilé léèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ, igi tó fi gbẹ́ ẹ àti ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Àgbà tó mọ ìdáhùn lónìí lè má sí ní ọdún tó ń bọ̀.

Fífọ ló tẹ̀ lé e. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí wọ́n fi gbọn eruku kúrò nínú ọnà ara rẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún, kí wọ́n sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ inú omi. Ọṣẹ dúdú, pẹ̀lú gbogbo iyì rẹ̀, kò dára fún iṣẹ́ yìí: omi eérú tí wọ́n fi sè é máa ń fa òróró ọwọ́ kúrò lójú ilé ayò, òróró yẹn gan-an ló sì ń mú un dán.

Bí kòkòrò bá wà láàyè, àwọn ilé-ìṣọ́ ohun àtijọ́ máa ń di nǹkan onígi sínú ọ̀rá, wọ́n á sì fi í sínú firísà tó tutù tó 20 nísàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, èyí kò ṣeé gbára lé, nítorí pé bí firísà bá yọ́, kòkòrò lè yè. Ooru rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè fi ọ̀rá dúdú di ọpọ́n náà pinpin kí omi inú igi má baà jáde, kí wọ́n sì gbé e sójú oòrùn ọ̀sán. Ooru tó bá wọ inú igi dé ìwọ̀n 55 fún wákàtí bíi mélòó kan máa ń pa kòkòrò àti ẹyin rẹ̀. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń dà sí i máa ń rùn fún oṣù púpọ̀, ó sì lè gbiná. Gàmálíìnì tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fín nígbà kan kò yẹ kó sún mọ́ ọpọ́n rárá. Lindane ni oògùn inú rẹ̀, èyí tí àdéhùn Stockholm kà mọ́ àwọn májèlé tó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ ní ọdún 2009. Ọwọ́ tó ń kó ọmọ ayò ni ọwọ́ tó ń jẹun.

Ní ti ojú ìlà, ọ̀pọ̀ káfíńtà ni yóò po lẹ́búlẹ́bú ayùn mọ́ gọ́ọ̀mù funfun tí yóò sì fi dí i pátápátá. Bí wọ́n bá ṣe èyí nígbà ọyẹ́, nígbà tí ìlà náà fẹ̀ jù, igi náà kò ní rí àyè wú sí nígbà òjò, yóò sì tún là níbòmíràn. Ìlà tí kò kọjá fífẹ̀ èékánná, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Èyí tó fẹ̀ débi pé ọmọ ayò lè há síbẹ̀, kí wọ́n gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè máa lọ máa bọ̀. Ẹni tó bá ń rẹ́ ìrókò kí ó dí imú rẹ̀, nítorí ekuru rẹ̀ máa ń ta imú àti ara.

Àwọn amọ̀ṣẹ́ ilé-ìṣọ́ fẹ́ràn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ ẹran sè, nítorí pé omi gbígbóná lè tú u padà lọ́jọ́ iwájú. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù igbó Odígbó máa ń mú irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ hu èbu, ó sì máa ń rọ̀. Fún ọpọ́n tó kán sí méjì tí wọ́n sì fẹ́ máa ta, gọ́ọ̀mù funfun ló tọ́. Kí ìdè irin tó ti dípẹtà yọ kí wọ́n sì fi ti bàbà rọ́pò rẹ̀, nítorí ìpẹtà máa ń kun igi dúdú.

Fánísì kò yẹ é. Ó máa ń bó lójú ilé níbi tí ọwọ́ bá ti ń kàn án, ó sì máa ń yí ìró ọmọ ayò padà. Epo pupa kì í gbẹ, ìdọ̀tí ni yóò máa fà mọ́ra. Ìwọ̀nba ìda oyin tí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ pa lé e, tí wọ́n sì nù kúrò, ti tó.

Ọmọ Ayò àti Ibi Ìpamọ́

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ ayò 48 pé pérépéré nínú ọpọ́n àtijọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń rọ́pò rẹ̀ máa ń họ ojú ilé. Igi ayò, igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń fà, ni kí wọ́n wá èso rẹ̀. Ọmọ tuntun kì í dán bí ti àtijọ́, kò sì sí oògùn fún èyí ju pé kí wọ́n pò wọ́n pọ̀ kí wọ́n sì máa ta wọ́n.

Kí wọ́n má ṣe gbé ọpọ́n tí wọ́n tún ṣe sókè ààrò tàbí sára ògiri tó ń fa omi. Bí oníṣòwò ohun àtijọ́ bá sì dé láti rà á lọ sókè òkun, kí ẹbí mọ̀ pé òfin tó dá Àjọ Ilé-Ìṣọ́ Ohun Àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ ní ọdún 1979 ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó jáde láìgbàṣẹ. Ọpọ́n tí bàbá-ńlá ẹbí fi sílẹ̀ lè wà lára rẹ̀, àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi àgbà ilé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò sì fi hàn bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.