Ẹ Má Ṣe Lo Oògùn Ìtọ̀ Ṣúgà Kí Ẹ Lọ Sóko Láìjẹun

Àwọn kan nínú wa tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà máa ń gbé oògùn mì ní ìdájí, wọn a sì gba oko lọ láìfi nǹkan kan ẹnu. Ewu ńlá ni. Oògùn bíi Daonil ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun. Iṣẹ́ ọkọ́ náà tún ń fà á wálẹ̀.

Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo ènìyàn, á sì máa ṣe bí ẹni tí ó mutí yó. Ẹ tètè fún un ní ṣúgà oníhóró mẹ́rin tàbí omi ṣúgà. Bí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún fún un. Lẹ́yìn náà, kí ó jẹun. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde: òkèlè díẹ̀, ẹ̀fọ́ púpọ̀, tàbí ẹ̀wà. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá, bí ó bá pọ̀ jù, ń mú ṣúgà ga. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín.

Ẹni tí ó ń lo oògùn yìí, kí ó di ṣúgà sí àpò aṣọ oko rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀.