Alùpùpù Tó Tu Ni Lára, Tó sì Ní Ìwà: Ohun Tó Yẹ Ká Wò Ká Tó Sanwó

 

Lára ohun tí àwa alájẹṣẹ́kù ń yáwó sí, lẹ́yìn ọjà títà àti ilé kíkọ́, alùpùpù kò gbẹ́yìn. Ẹni tó ń ná ọjà oko rà á. Ẹni tó ń gba owó àjọ kiri rà á. Ẹlòmíràn sì rà á nítorí pé ó wù ú láti máa gun ohun tó dára jáde lọ́jọ́ ìsinmi. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni kí ènìyàn fi owó ẹgbẹ́ ra ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè gbà, kí ó gùn ún fún oṣù mẹ́ta, kí ó gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, kí àwọn onídùúró sì máa bá a san gbèsè. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi ojú ṣọ́ ara wa àti àpò wa.

Irú alùpùpù kan pàtó la fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí: èyí tó lè sáré, tó lè gbé ènìyàn rìn jìnnà láì dá a lóró, tó sì tún ní ìwà tirẹ̀ tí ọkàn ẹni fi ń fà mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní í ra ńlá, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ohun tó ń dun ẹ̀yìn ẹni lórí alùpùpù ńlá náà ló ń dùn ún lórí kékeré.

IRÚ ÈWO NÌYÍ?

Bí a bá wo àwọn alùpùpù ńláńlá tí àwọn ará Jámánì, Ítálì àti Jàpáànù ń ṣe, a lè pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkínní ni alùpùpù eré ìje. Ẹni tó gun irú rẹ̀ á dojú dé táǹkì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Èkejì ni arìnrìn-àjò ńlá, tí ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bí àga olóyè, tó ní àpótí lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n tó wúwo débi pé bí ó bá ṣubú, ẹ ó ké sí aládùúgbò kí ẹ tó gbé e dìde. Ẹ̀kẹta wà láàárín àwọn méjèèjì: eré ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìrọ̀rùn sì wà fún ara. Òun gan-an là ń sọ.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni BMW R100RS, tó jáde ní Jámánì ní ọdún 1976. Kí ó tó dé, ìhòòhò ni iwájú ọ̀pọ̀ alùpùpù máa ń wà. Àyà ẹni tó gùn ún ni afẹ́fẹ́ ń lù. BMW gbé tirẹ̀ lọ sí Ítálì, sí ilé iṣẹ́ Pininfarina, níbi tí wọ́n ní iyàrá gígùn kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn líle lu ọkọ̀ láti mọ bí atẹ́gùn ṣe ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí asà iwájú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 980 cc, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 70. Lóde òní, agbára bẹ́ẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó gùn ún lè rìn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ láì di ọrùn mú. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: ìtura ara ló ń gbé ènìyàn dé ọ̀nà jíjìn.

Ẹ FI ARA YÍN WỌ̀N Ọ́N

Ibi mẹ́ta ni ara wa ti ń kan alùpùpù: ìdí lórí ìjókòó, ẹsẹ̀ lórí ìtẹ̀sẹ̀, ọwọ́ lórí ìdarí. Bí ibi mẹ́ta yìí ṣe jìnnà síra wọn ló ń sọ bóyá ara á tù yín. Bí ìtẹ̀sẹ̀ bá ga jù, orúnkún á ká kò, á sì máa dùn yín kí ẹ tó rin wákàtí kan. Bí ọwọ́ ìdarí bá rẹlẹ̀ jù, ọrùn-ọwọ́ ni gbogbo ìwúwo àyà yín á gùn. Bí ó bá ga jù, ẹ ó jókòó bí òpó, gbogbo gegele àti kòtò ojú ọ̀nà á sì máa ta lu egungun ẹ̀yìn. Èyí tó dára ni kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ yín dẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín sì kanlẹ̀ dáadáa bí ẹ bá dúró.

Nítorí náà, ẹ má ra alùpùpù tí ẹ kò tíì gùn. Gígùn tí mo wí yìí kì í ṣe kí a yí i ká iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jókòó sórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, nínú aṣọ tí ẹ ó máa wọ̀ rìnrìn-àjò. Ìjókòó rírọ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ a máa tan ènìyàn jẹ. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, á dà bí ìrọ̀rí. Nígbà tó bá yá, á rì, ìdí á sì kan irin. Èyí tó le díẹ̀, tó sì fẹ̀, ló ń gbé ènìyàn dé ibi tó ń lọ. Bí ìyàwó tàbí ọmọ yín á bá máa jókòó sẹ́yìn, ẹ mú un dání lọ dán an wò. Ẹ̀yìn tirẹ̀ náà, ẹ̀yìn ni.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Bí eré yín bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì yín á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí asà iwájú fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń rin ọ̀nà márosẹ̀. Ṣùgbọ́n asà tí kò bá gíga ẹni mu lè burú ju àìní asà lọ. Á gbá afẹ́fẹ́ jọ, á sì máa fi lu akoto ẹni gbì-gbì-gbì títí orí á fi máa fọ́. Ẹ rántí ooru ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Asà tó bo gbogbo ara alùpùpù a máa da ooru ẹ́ńjìnnì sí ẹni lẹ́sẹ̀. Ohun tó ń móoru fún ará Jámánì nígbà òtútù lè jẹ́ ààrò fún ẹni tó ń lọ láti Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án gangan.

Ẹ̀kẹta ni gbígbọ̀n. Písítìnì tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń fà á. Nínú ẹ́ńjìnnì BMW tí a wí yìí, tó jẹ́ pé irú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣe láti orí R32 ti ọdún 1923, písítìnì méjì ló dojú kọra, ọ̀kan lọ́tùn-ún, èkejì lósì. Bí èyí bá jáde, èyí náà á jáde. Bí èyí bá wọlé, ìkejì á wọlé. Ọ̀kan ń pa agbára ìkejì, gbígbọ̀n sì dín kù. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń gbọ̀n jù á mú kí ìka ọwọ́ kú tipiri. Ọwọ́ tó ti kú tipiri kò sì lè tẹ bíréèkì lákòókò.

ṢÉÈNÌ ÀBÍ Ọ̀PÁ IRIN?

Ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn lè jẹ́ ṣéènì, ó sì lè jẹ́ ọ̀pá irin tó ń yí nínú ọ̀rá. Ṣéènì fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, mẹkáníìkì abẹ́ igi sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó fẹ́ kí a máa fi epo kùn ún, kí a máa fà á le, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá gbó. Ọ̀pá irin kò ní wàhálà yẹn. Ọ̀rá inú rẹ̀ nìkan la ó máa pààrọ̀ lásìkò. Ó wúwo ju ṣéènì lọ, bí ó bá sì bàjẹ́, owó gidi ni. BMW R100RS ń lo ọ̀pá. Honda ST1100 tó jáde ní 1990 àti Yamaha FJR1300 tó jáde ní 2001 náà ń lò ó. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń rìn jìnnà kò fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi epo kun ṣéènì lẹ́bàá ọ̀nà.

TÁǸKÌ PẸ̀LÚ ÌṢIRÒ

Ọlọ́jà ni wá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Táǹkì Honda ST1100 yẹn ń gba lítà 28, abẹ́ ìjókòó ni wọ́n sì gbé e sí kí ìwúwo epo lè wà nísàlẹ̀. Bí alùpùpù bẹ́ẹ̀ bá ń fi lítà kan rin kìlómítà 18, ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ 504 kìlómítà kí epo tó tán. Èyí tí táǹkì rẹ̀ jẹ́ lítà 14, tó ń jẹ epo bákan náà, á dá yín dúró ní 252. Ẹ ṣe irú ìṣirò yìí fún èyí tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ sì yọ ìdá márùn-ún kúrò fún ẹrù, òkè àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Iye tó bá ṣẹ́ kù ni ọ̀nà yín ní tòótọ́.

ÌWÀ LẸWÀ, TÍTÍ KAN ALÙPÙPÙ

Ẹnìkan lè ní, “Irin ni irin, ìwà wo ló tún ní?” Ó ní o. Moto Guzzi ti Ítálì, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní Mandello del Lario láti 1921, ní sílíńdà méjì tó yọ síta lọ́tùn-ún lósì bí apá ẹni tó ń ṣe àdúrà. Bí ẹ bá dúró, tí ẹ sì fún un ní epo, odindi alùpùpù á tẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìgbà tó ń dáhùn pé, “Mo ti gbọ́.” Ohùn rẹ̀ kì í jọ ti ẹlòmíràn. Honda onísílíńdà mẹ́rin ní tirẹ̀ dákẹ́ bí ọmọlúwàbí. Ẹ kò ní í mọ̀ pé ẹ ti ń sáré àfi bí ẹ bá wo aago. Àwọn kan ní èyí kò lárinrin. Ṣùgbọ́n sùúrù náà, ìwà ni.

Ẹ wo ohun mẹ́ta bí ẹ bá ń wá ìwà: bí ó ṣe ń fà nígbà tí eré kò tíì pọ̀, bí ó ṣe ń wọ kọ́nà, àti bí ó ṣe ń ṣe nígbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Ìdí tí èyí fi kan owó ẹgbẹ́ ni pé ohun tí ènìyàn bá fẹ́ràn ló máa ń tọ́jú. Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ wù ú á fọ̀ ọ́, á pààrọ̀ ọ̀rá rẹ̀ lásìkò, á sì gbọ́ bí ohùn rẹ̀ bá yí padà. Ṣùgbọ́n kí á má pe ìyà ní ìwà. Alùpùpù tó ń dákú lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò ní ìwà kankan. Ìwàkuwà ló ní.

BÍ Ó BÁ JẸ́ TÒKUNBỌ̀

Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Bí ó bá ti gbóná, ó ṣeé ṣe kí ọlọ́jà ti tan án sílẹ̀ kí ẹ má bàa mọ̀ pé kì í tètè jí láàárọ̀. Bí èéfín rẹ̀ bá ní àwọ̀ búlúù bí aró, ọ̀rá ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Ẹ wo ẹsẹ̀ iwájú bóyá ọ̀rá ń jò níbẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti pé ọdún 10, bí ó tilẹ̀ ń dán, ẹ má gùn ún. Ní ìparí, ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ara irin wé ti inú ìwé. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ kí ọlọ́jà pé ó dàárọ̀.

OWÓ ẸGBẸ́ ÀTI ẸRÙ RẸ̀

Ohun tí a fi ń ra alùpùpù kò tán lórí alùpùpù. Ìmọ̀ràn wa ni pé nínú gbogbo náírà 100 tí ẹ bá yá, kí ẹ má ná ju 80 lọ lórí rẹ̀. Ẹ fi èyí tó kù ṣe ìwé, akoto, táyà àti àtúnṣe àkọ́kọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ wá mẹkáníìkì tó mọ irú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí ẹ̀yà ara rẹ̀ wà àti iye tó ń lọ. Alùpùpù ńlá tó lé ní 300 kìlò, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n tún ṣe nílùú, erù ni fún olówó àti onídùúró.

Ẹni tí apá rẹ̀ ká Bajaj Boxer nìkan, kí ó má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Orúkọ nìkan ló fi jọ ẹ́ńjìnnì BMW tí àwọn òyìnbó ń pè ní boxer. Písítìnì kan ṣoṣo ni Bajaj ní. Síbẹ̀, ìjókòó, ìtẹ̀sẹ̀, ọwọ́ ìdarí, táyà àti ṣéènì rẹ̀ ń fẹ́ àyẹ̀wò kan náà. Ìjókòó tó dára tí a ní kí atẹ́sọ́ọ̀fà tún tẹ̀ lè gba ẹ̀yìn ẹni là ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ.

Ọ̀rọ̀ akoto ló kù. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé akoto, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n igbá kì í gba orí là. Ẹ ra èyí tó bá orí yín mu, tó fún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀, tí okùn rẹ̀ sì dè dáadáa. Ẹ ra ti ẹni ẹ̀yìn pẹ̀lú.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ kí ó tó gba fọ́ọ̀mù ìyáwó. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á dára. A kò ní í fi owó wa ra ìrora o.