Plitvice: Omi Tó Ń Mọ Ògiri Fúnra Rẹ̀

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Mo kàn tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà ni.

Láti ìgbà tí mo ti gbé àwọn fọ́tò Plitvice síta, ìbéèrè kan ló pọ̀ jù nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín: "Ṣé o lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀?" Ìbéèrè náà yé mi. Omi ọ̀hún mọ́ gaara débi pé ẹ máa rí ẹja tó ń lọ àti igi tó ti wó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ bẹ́ sí i? Àmọ́ mi ò lúwẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Òfin ni. Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, torí òun gan-an ló mú kí ibẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo ibi tí mo ti dé rí.

Ibo ni Plitvice wà?

Orílẹ̀-èdè Kroatíà ló wà, ní Yúróòpù, ní òdìkejì Òkun Adriatic sí Ítálì. Tẹ́ ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì ní Zagreb tó jẹ́ olú ìlú wọn, nǹkan bíi 130 kìlómítà ni ẹ máa rìn. Bọ́ọ̀sì tèmi lo wákàtí méjì àti díẹ̀. Ọdún 1949 ni ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di 1979, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Ohun kan wà tí fọ́tò kì í sọ fún èèyàn. Ọgbà náà fẹ̀ gan-an, ó tó nǹkan bíi 297 kìlómítà níbùú lóròó, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan lọ. Igbó ló gba èyí tó pọ̀ jù, igbó tí béárì àti ìkookò ṣì ń gbé. Omi kékeré yẹn ni gbogbo ayé ń wá wò.

Adágún 16 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì tò tẹ̀ léra bí àtẹ̀gùn. Méjìlá wà lókè, mẹ́rin wà nísàlẹ̀. Èyí tó ga jù, Prošćansko, wà ní 636 mítà sókè ìtẹ́jú òkun. Èyí tó kẹ́yìn, Novakovića Brod, wà ní 503 mítà. Nígbà tí omi bá kún adágún kan, á borí ògiri tó dá a dúró, á sì ya lulẹ̀ sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Báyìí ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi ṣe pọ̀ níbẹ̀ débi pé tí ẹ bá dákẹ́, ariwo omi nìkan lẹ ó máa gbọ́.

Ta ló mọ àwọn ògiri náà?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọn ògiri tó wà láàárín àwọn adágún náà, mo ní àpáta ayébáyé ni, tí omi rí ojú ọ̀nà gbà lórí rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi ṣe rí nìyẹn. Omi máa ń jẹ àpáta, àpáta á máa dín kù. Ti Plitvice kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, omi ló ń mọ ògiri, ògiri náà sì ń ga sí i. Ẹ jẹ́ ká gbà á ní ìpele-ìpele.

Òkúta ẹfun ló kún abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà. Tí òjò bá rọ̀ sínú igbó, omi rẹ̀ á gba inú ilẹ̀ kọjá, á sì kó afẹ́fẹ́ kan dání tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide. Afẹ́fẹ́ yìí náà ló ń mú kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa hó. Omi tó bá ti gbé e dání máa ń lágbára láti yọ́ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀. Torí náà, nígbà tí omi náà bá fi máa sun jáde, á ti gbé òkúta yíyọ́ sínú, àmọ́ ojú ò ní rí i. Á mọ́ lóló.

Ó wá dé ibi tó ti ń já lulẹ̀. Ẹ rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá mi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tẹ́ ẹ sì ṣí i: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sá jáde. Bó ṣe rí níbẹ̀ náà nìyẹn. Bí omi ṣe ń já, tó ń fọ́n káàkiri, carbon dioxide á máa jáde. Omi ò wá ní lágbára mọ́ láti gbé òkúta tó yọ́ náà dání, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń se omi kànga kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ ti rí èépá funfun tó máa ń dì mọ́ ìdí ìkòkò. Ọmọ ìyá ni nǹkan méjèèjì.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá dùn mọ́ mi nìyí. Ní Plitvice, orí nǹkan tó wà láàyè ni òkúta yẹn ń bà lé. Ẹ mọ ewéko wínníwínní tó máa ń hù sára ògiri ilé lásìkò òjò, tó rí múlọ́múlọ́ bíi kápẹ́ẹ̀tì? Irú rẹ̀ ló bo gbogbo ibi tí omi ti ń já, òun àti àwọn kòkòrò bakitéríà tí ojú ò lè rí. Òkúta á dì mọ́ ìdí ewéko náà, ìdí á kú, á di òkúta, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ á tún máa hù sókè láti wá ìmọ́lẹ̀. Òmíràn á dì mọ́ ọn, á tún hù. Òkúta tó ń tibẹ̀ jáde fúyẹ́, ihò sì pọ̀ lára rẹ̀. Sedra ni àwọn ará Kroatíà ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ wọn kan, onímọ̀ nípa ewéko tó ń jẹ́ Ivo Pevalek, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ kó yé aráyé pé láìsí ewéko wọ̀nyí, kò sí ògiri, kò sì sí adágún.

Níbi tí nǹkan bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ògiri náà lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 ga sí i lọ́dún. Ó dà bí eré, àmọ́ ẹ wo Kozjak, adágún tó tóbi jù níbẹ̀. Adágún méjì ni tẹ́lẹ̀. Ògiri tó wà nísàlẹ̀ ń ga, ó ń ga, títí omi fi borí ògiri tó pààlà sáàárín méjèèjì. Ògiri àtijọ́ yẹn ṣì wà lábẹ́ omi títí dòní, ọkọ̀ ojú omi tó ń lo iná mànàmáná sì ń gbé àlejò kọjá lórí Kozjak lójoojúmọ́.

Bí mo ṣe rìn ín

Ẹnu ọ̀nà 1 ni mo gbà wọlé láàárọ̀ kùtù, kí èrò tó pọ̀. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni Veliki slap, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi tó ga jù ní gbogbo Kroatíà. Ó ga ní 78 mítà. Cocoa House tó wà n'Ìbàdàn ga ní 105 mítà, torí náà ẹ ro omi tó ń já láti ibi tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilé yẹn. Omi odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Plitvica ló ń já níbẹ̀, kì í ṣe ti àwọn adágún. Ìsàlẹ̀ ni òun àti omi adágún ti pàdé, ibẹ̀ sì ni odò Korana ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ibẹ̀, orí afárá onípákó ni ẹ ó máa rìn. Omi ń ṣàn lábẹ́ pákó náà, nígbà míì á tiẹ̀ fọ́n sí yín lára. Kò sí irin ìdìmú ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, torí náà bàtà tí kì í yọ̀ ṣe pàtàkì. Àdáwà mi ṣe mí láǹfààní níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè mí pé ká máa lọ. Mo dúró síbì kan fún ìgbà pípẹ́, mo ń wo ewéko kan tí ìdí rẹ̀ ti funfun, tó ti le, tí orí rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀. Gbogbo ohun tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan wà lójú kan náà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ka lílúwẹ̀ẹ́ léèwọ̀?

Tẹ́ ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri náà, ẹ ti mọ ìdáhùn. Ẹsẹ̀ ẹnì kan tó bá gun orí rẹ̀ lè fọ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Yàtọ̀ síyẹn, òkúta náà kì í dì dáadáa nínú omi tó dọ̀tí. Ìpara, ọṣẹ, omi ìdọ̀tí láti òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo wọn ló lè dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń gba àwọn èèyàn láyè láti lúwẹ̀ẹ́ ní apá kan Kozjak, àmọ́ ní 2006 wọ́n fòfin dè é.

Èyí tó wúwo jù ni pé ìfẹ́ táwọn èèyàn ní sí ibẹ̀ lè ba ibẹ̀ jẹ́. Lọ́dún 2018, èèyàn tó wá síbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1.7. Ilé àlejò ń pọ̀ sí i ní àyíká rẹ̀, UNESCO sì ti fi àníyàn hàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí tíkẹ́ẹ̀tì fi ní wákàtí lára báyìí, kí gbogbo èrò má bàa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí òun náà wọ ìwé UNESCO ní 2005, a kì í pẹja, a kì í ṣọdẹ. Àwọn tó fi èèwọ̀ yẹn lélẹ̀ mọ ẹni tó ni omi. Ní Plitvice, ewéko tí kò ga tó ìka ọwọ́ ló ni ín.

Ogun tó jà níbẹ̀

Mi ò lè sọ̀rọ̀ Plitvice kí n fo èyí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1991, ọjọ́ Àjíǹde gan-an, ìbọn dún nínú ọgbà náà láàárín àwọn ọlọ́pàá Kroatíà àti àwọn ará Serbia tó ń gbé níbẹ̀ tí wọ́n dìde ogun. Èèyàn méjì kú: ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Josip Jović, àti Rajko Vukadinović láti apá kejì. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kú nínú ogun Kroatíà. Àwọn tó dìde ogun náà di agbègbè yẹn mú títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1995. Láti 1992 sí 1997, Plitvice wà lára àwọn ibi tí UNESCO sọ pé ó wà nínú ewu, torí wọ́n ti ri àwọn ohun abúgbàù mọ́lẹ̀ ní àyíká rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Kroatíà ló sá kúrò nílé nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Serbia ló sì sá nígbà tó parí.

Ìyá àgbà tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó sá, tó sì padà. Nígbà tí mo dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni "Sama?", ìyẹn "Ìwọ nìkan?" Mo mi orí. Ó gbé ọbẹ̀ àti búrẹ́dì wá kí n tó sọ báàgì kalẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń túmọ̀ fún wa. Mo bi í pé kí ló kọ́kọ́ lọ wò nígbà tí wọ́n padà dé. Mo rò pé ó máa sọ pé ilé. Ó ní ilé ti jóná, wọ́n ti sọ fún òun tẹ́lẹ̀. Ó ní omi lòun ń béèrè, bóyá ó ṣì ń já. Wọ́n sọ fún un pé ó ṣì ń já. Mo gbàgbọ́ pé ní gbogbo ọdún mẹ́rin tí kò sí àlejò yẹn, ewéko ń hù, ògiri ń ga.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá lọ

Kroatíà ti wọ ẹgbẹ́ Schengen láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023, torí náà físà Schengen ni ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà máa gbà. Owó yúrò ni wọ́n sì ń ná láti ọjọ́ kan náà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó lọ, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, torí ó máa ń tán. Ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú tẹ́ ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ lè wọlé kí bọ́ọ̀sì àwọn èrò tó dé.

Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe àwọn ọ̀nà inú rẹ̀. A ni ó kúrú jù láti ẹnu ọ̀nà 1, kìlómítà 3.5 ni. C ni mo gbà, kìlómítà 8 ni, ó ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ tó ń fa àwọn èrò sì wà nínú rẹ̀. Àmì wà lójú ọ̀nà, ẹni tó dá rìn ò lè ṣìnà. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà, ẹ má fọ́ òkúta dání, ẹ má kì ẹsẹ̀ bọ omi.

Ibi tí ètò ọ̀sẹ̀ yìí parí sí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá mọ omi kan nílùú yín tó ní èèwọ̀ tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.